Sencha ìkórè àkọ́kọ́: ewé gidi ni, àpò rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó

Bí ẹ bá ti mu tíì aláwọ̀ ewé kan rí tó korò débi pé ojú yín fún pọ̀, tí ẹ wá ní ẹ ò mu irú rẹ̀ mọ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Sencha, irú tíì aláwọ̀ ewé kan láti Shizuoka ní ilẹ̀ Jàpáànù, ni mò ń mu báyìí, gíráàmù 100 nínú àpò fàdákà kan. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìkórè àkọ́kọ́ ni, wọ́n sì kọ "fukamushi", ìyẹn èyí tí wọ́n fi oru omi sè pẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á, torí mo ṣì ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá a rò.

Mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn kan rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, àwọn yòókù ti rún wẹ́wẹ́. Ẹ má pè é ní ìdọ̀tí o, bí wọ́n ṣe sè é ló fà á. Igi kan náà ni wọ́n ti ń já tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá ti já ewé náà, èròjà kan nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa ṣú lọ. Ẹni tó fẹ́ tíì dúdú á jẹ́ kó ṣú. Ẹni tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ á tètè fi ooru pa èròjà yẹn kó tó ráyè. Nílẹ̀ Ṣáínà, inú agbada gbígbóná ni wọ́n sábà ń yan án sí, ìyẹn ló mú kí Longjing, tíì aláwọ̀ ewé ti ìlú Hangzhou, máa ta sánsán bí ohun tí wọ́n yan. Àwọn ará Jàpáànù ní tiwọn ń fi oru omi sè é. Kò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú tàbí díẹ̀ lé e lọ fún sencha lásán, ṣùgbọ́n fukamushi á gbà tó ìlọ́po méjì àkókò yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé á wá rọ̀, á máa fọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí omi tèmi yìí fi ki, tí kò mọ́ gaara, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ fún ahọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ewé tó dé ibi tí wọ́n ti ń sè é ni adùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Igi tíì máa ń sinmi nígbà òtútù, á kó èròjà pamọ́ sínú gbòǹgbò, títí kan theanine tó ń mú kí omi tíì dùn lẹ́nu bí omi ẹran tí kò níyọ̀. Ọ̀mùnú tó bá kọ́kọ́ yọ ló ń jogún gbogbo rẹ̀, òun ni wọ́n ń já ní òpin oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún. Oòrùn ló ń sọ theanine di catechin, èyí tó ń korò, torí náà ewé ìkórè kejì, tó hù nínú ooru, máa ń le lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń ṣe gyokuro, tíì aláwọ̀ ewé mìíràn nílẹ̀ Jàpáànù, tilẹ̀ máa ń ta nǹkan bo oko fún bí 20 ọjọ́ kí wọ́n tó já a, kí oòrùn má baà rí i mú. Wọn ò bo sencha tèmi yìí, kò sì dùn tó gyokuro. Ìkórè àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é kì í ṣe irọ́ ṣá. Ẹnu mi jẹ́rìí sí i.

Ẹjọ́ tí mo ní rèé. Ẹ̀yìn àpò ní ká da omi híhó lé e lórí, ká fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ láti fi wò ó. Ìkorò tó jáde níbẹ̀ á lé ẹnikẹ́ni sá, torí omi híhó ló ń fi tipátipá fa catechin àti káfíìnì jáde. Theanine kò nílò irú ooru bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: gíráàmù 5, omi mílílítà 200 tó ti rọlẹ̀ dé 70°C, ìṣẹ́jú kan ó pẹ́ tán. Ẹni tí kò ní ohun èlò ìwọn ooru lè máa da omi híhó láti inú ife kan sí òmíràn, ìgbà kọ̀ọ̀kan á bù tó ìwọ̀n 10 kúrò lára ooru rẹ̀. Kí ẹ ro ìkòkò náà gbẹ tán o, torí èyí tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á máa korò sí i de ìgbà kejì. Ìgbà kejì yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù: omi á gbóná díẹ̀ sí i, kò sí pé à ń dúró, ẹ kàn dà á sí i kí ẹ dà á jáde. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré ni kí ẹ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewé wẹ́wẹ́ á dí ẹnu ìkòkò.

Àpò náà kò pa ẹnu dé dáadáa lẹ́yìn tí mo ṣí i, bẹ́ẹ̀ ewé yìí kò fẹ́ afẹ́fẹ́, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, kò sì fẹ́ òórùn nǹkan mìíràn. Agolo onídèérí ni mo dà á sí. Kò sí ọdún ìkórè lára rẹ̀ náà. Mo kọ̀wé bi wọ́n, ọjọ́ tí kò ní dára mọ́ ni wọ́n kọ ránṣẹ́ padà sí mi, èyí tí mo ti rí kà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń fẹ́ omi tó mọ́ lójú, tó fúyẹ́ lẹ́nu, kó wá Longjing tàbí sencha tí wọn ò sè pẹ́. Ẹni tó fẹ́ èyí tó kún ẹnu, kó ra eléyìí. Bí wọ́n bá ṣe onígíráàmù 50 jáde, tí wọ́n sì kọ ọdún ìkórè sí i, màá tún rà á.