Ẹ̀rọ BP Wo Ni Kí Aboyún Rà? Ìfiwéra fún Àwọn Olùrà ní Àkúrẹ́ àti Òǹdó

Ẹni tí ó bá wọ ilé oògùn ní Àkúrẹ́ tàbí Òǹdó láti ra ẹ̀rọ tí aboyún yóò máa fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò nílé lè bá oríṣi mẹ́ta pàdé: èyí tí a ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́, èyí tí nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ fẹ́ tí ó sì ń fetí gbọ́, àti èyí tí ń fẹ́ ara rẹ̀ lápá. Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti dán an wò lára aboyún.

Ìdí ni pé pre-eclampsia, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó sábà máa ń yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 oyún, tí ó sì lè di gìrì, máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó péye lára àwọn ẹlòmíràn ka BP sílẹ̀ ju bí ó ti rí gan-an lọ. Àṣìṣe yìí burú, nítorí pé ó ń fi ọkàn ẹni tí ó yẹ kí ó ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn balẹ̀.

Ti ọrùn ọwọ́ fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí àyà ni nọ́ńbà rẹ̀ ń yí padà. N kò gba aboyún kankan níyànjú láti rà á. Èyí tí a ń fetí gbọ́ kò nílò bátìrì, ó sì péye lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí nínú ilé yín, ẹ fi sílẹ̀.

Ti apá tí ń fẹ́ ara rẹ̀ ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Orúkọ iléeṣẹ́ nìkan kò tó: irú ẹ̀rọ náà gan-an ni kí ẹ wò nínú àkójọ tí STRIDE BP, ẹgbẹ́ onímọ̀ tí ń to orúkọ àwọn ẹ̀rọ BP tí ó ti yege ìdánwò, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ya ti aboyún sọ́tọ̀. Microlife CRADLE VSA, tí àwọn olùwádìí King's College London kópa nínú ṣíṣe rẹ̀, ti yege lára aboyún àti lára àwọn tí ó ní pre-eclampsia. A ń fi iná sí i bíi fóònù, ó sì ń tan iná àwọ̀ ewé, òféèfèé tàbí pupa, tí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé pàápàá yóò fi mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Ẹ wọn apá kí ẹ tó sanwó: aṣọ ìwépá 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà ni ó wọ́pọ̀, apá tí ó bá sì tóbi jù ú lọ nílò 32 sí 42, nítorí pé aṣọ tí ó bá fún máa ń gbé nọ́ńbà ga lásán.

Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè dá sọ tẹ́lẹ̀ pé pre-eclampsia ń bọ̀. Àwọn oníṣègùn máa ń pa BP pọ̀ mọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán iṣan ilé ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 11 sí 13, kí wọ́n lè mọ ẹni tí aspirin díẹ̀díẹ̀ yẹ fún láti dín ewu rẹ̀ kù. Ìwádìí BUMP ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, fi hàn pé yíyẹ BP wò nílé kò mú kí wọ́n tètè rí ẹ̀jẹ̀ ríru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má fi ọjọ́ àyẹ̀wò oyún ṣeré nítorí pé ẹ̀rọ wà nílé.

Bí nọ́ńbà òkè bá dé 140 tàbí tìsàlẹ̀ dé 90, ẹ lọ rí àwọn oníṣègùn yín lọ́jọ́ náà. Bí tòkè bá dé 160 tàbí tìsàlẹ̀ dé 110, tàbí tí orí ń fọ́ gan-an tàbí tí ojú ń ṣú, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kí ẹ̀rọ sọ. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ tuntun náà lọ sí ibi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀, kí nọ́ọ̀sì fi wé tiwọn. Bí ìyàtọ̀ wọn bá pọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.