Siamese àbí Persian: ẹ wo ojú ológbò dáadáa kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀

Pé Persian nírun gígùn, pé etí Siamese dúdú, gbogbo ayé ló mọ̀ yẹn, n ò ní fi dá yín dúró. Ológbò òyìnbó là ń pè wọ́n ṣá, bẹ́ẹ̀ ọmọ Thailand ni Siamese.

Ojú ló jẹ mí lówó. Mo gbéra láti Súrúlérè lọ bá brọ̀dá kan l'Ọ́báléńdé, ó ní Siamese ni, ọmọ ọ̀sẹ̀ 5, 75k. Ó funfun báláú, ojú ẹ̀ búlúù rekete. Mo ní etí dúdú ńkọ́? Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, funfun ni wọ́n ń bí Siamese o, tó bá ń dàgbà á jáde." Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ! Inú ìyá wọn gbóná ni wọ́n ṣe ń funfun, ibi tó bá tutù lára ni dúdú yẹn ti ń yọ, etí, imú, ẹsẹ̀, ìrù. Báyìí ni mo ṣe ń gbé ológbò síwájú fáànù lálaalẹ́ kí etí ẹ̀ lè tutù, ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ fi fáànù kun ológbò ni.

Ohun tí brọ̀dá ò sọ ni pé tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 4, ó yẹ kẹ́ ẹ ti máa rí dúdú yẹn létí ẹ̀. Ojú búlúù yẹn náà, gbogbo ọmọ ológbò ló ń ní in tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú, títí kan àwọn tó ń jí ẹja jẹ l'Ọ́yìngbò. Bíi ọ̀sẹ̀ 7 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tèmi yí di gíríìnì. Siamese gidi, búlúù lojú ẹ̀ títí tó fi máa kú. Mo pe brọ̀dá, ó ní kí n ṣì ní sùúrù, ìgbà tó yá nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Torí náà tó bá jẹ́ Siamese lẹ fẹ́, ẹ má rà á kó tó pé ọ̀sẹ̀ 10.

Ti Persian, irun ni wọ́n fi ń rẹ́ni jẹ, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́: imú tó wọnú, orí roboto, etí kékeré, ẹsẹ̀ kúkúrú kìpọ̀. Imú ti àwọn míì máa ń yọ díẹ̀, àmọ́ orí àti ẹsẹ̀ ò ní parọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á lẹ ti máa mọ̀.

Ìwà? Siamese ń sọ̀rọ̀ ṣáá, á tẹ̀ lé yín dé ilé ìyàgbẹ́. Tó bá ń ké lóru bí ọmọ ọwọ́ nílé tí yàrá kọjú síra wọn, ẹ mọ ohun táwọn ará ilé máa sọ. Persian á kàn jókòó bí ìyá olóyè lóde àríyá.

Ooru ò bá Persian lára mu, tí NEPA bá ti mú iná, orí táìsì balùwẹ̀ ni Persian tèmi ń sùn sí. Òòyà ojoojúmọ́ ni, ẹ nu omijé ẹ̀, kẹ́ ẹ sì bèèrè àyẹ̀wò kíndìnrín òbí ẹ̀, torí Persian lè jogún àrùn kíndìnrín lọ́dọ̀ òbí.

Méjèèjì ló dáa o. Ẹni tí ò ráyè ya irun kó mú Siamese. Ẹni tó fẹ́ sùn lóru, tó ní aládùúgbò, tí ò sì fẹ́ máa gbàdúrà sí etí ológbò, kó mú Persian.

Siamese 75k tèmi ṣì wà nílé, orí fríìjì ló ń sùn. Látìgbà tó ti dé a ò tíì rí eku kan.