Oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi Mp3tag to àwọn fáìlì hypnosis mi

Fáìlì hypnosis ọwọ́ mi, ìyẹn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti fi darí èèyàn sínú ìsinmi tàbí oorun, lé ní 400. Oorun mi kì í wá bọ̀rọ̀, ìdí tí mo fi ń kó wọn jọ nìyẹn, orúkọ tí wọ́n bá sì bá dé, bíi "track03", ni mo ń fi wọ́n sílẹ̀ sí. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo gbé Mp3tag, áàpù tí wọ́n fi ń kọ àmì (tag) sínú fáìlì ohùn, sórí kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀fẹ́ ni lórí Windows.

Ohun tó lé mi débẹ̀ rèé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Mo wá "relax" lórí fóònù, mo tẹ èyí tó kọ́kọ́ yọjú. Ohùn náà ní kí n dẹ èjìká, kí n dẹ àgbọ̀n, ó kà á láti 10 wálẹ̀ dé 1, ó sì dákẹ́. Kò ka 1 dé 5 tí wọ́n fi ń jí èèyàn. Fáìlì alẹ́ ni, wọ́n ṣe é kéèyàn bá a sùn lọ ni. Nígbà tí mo tají, ìpàdé ti tú ká. Orúkọ fáìlì náà ò purọ́, ìsinmi ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò sọ bó ṣe máa parí.

Torí náà, àmì tí mo kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ni IPARI, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì ń gbà: "jiji" tàbí "oorun". Mp3tag gbà kéèyàn dá àyè tirẹ̀ sílẹ̀: yan àwọn fáìlì, tẹ Alt+T, kí o kọ orúkọ àyè àti ohun tó máa wà níbẹ̀. Àádọ́ta fáìlì lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. ID3, ìlànà tí wọ́n fi ń kọ àmì sínú fáìlì MP3: èyí àkọ́kọ́, ti 1996, ò lè gba irú èyí láéláé: báìtì 128 ni gbogbo rẹ̀. ID3v2 tó tẹ̀ lé e ló fàyè sílẹ̀. Inú fáìlì gan-an ni àmì ń gbé, ibi tí mo bá kó wọn lọ, ó ń bá wọn lọ.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì ohùn kúrò lára àwọn ọ̀rọ̀ náà. "Ọ̀" tí fóònù kọ àti èyí tí kọ̀ǹpútà kọ lè jọra lójú, kí wíwá má sì rí ọ̀kan.

Àmì kókó ọ̀rọ̀, ìyẹn ohun tí fáìlì wà fún, ló fún mi ní wàhálà jù. Ọgọ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀. "Aisun", "oorun to dara", "sisun": ohun kan náà, ibi mẹ́ta. Mo dín wọn kù sí mẹ́sàn-án. Mi ò da "iberu" pọ̀ mọ́ "aniyan" ní tèmi, torí ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà lẹ́rù kò wá ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Àmì EARPIECE náà wà, fún àwọn fáìlì binaural: ohùn tó ń wọ etí ọ̀tún yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì, láìsí earpiece kò wúlò.

Áàpù tí mo fi ń gbọ́ wọn lórí fóònù kì í fi àyè tuntun hàn, nítorí náà mo ní kí Mp3tag kọ ìparí ṣíwájú àkọlé: "[oorun]".

Iṣẹ́ etí ṣì ni èyí tó pọ̀ jù. Èmi fúnra mi ni mo ń gbọ́ ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ó ku 37. Fódà tiwọn wà lọ́tọ̀, mi ò sì ń fọwọ́ kan án lọ́sàn-án.