Ẹ ṣọ́ra o! Ṣọ́kù ayédèrú ni wọ́n fi gba ₦680,000 lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ífẹ̀, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra páàtì mọ́tò lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ kà á. Ọjọ́ kẹjọ rèé tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. ₦680,000! Owó tí mo fi oṣù méje kó jọ. Ṣọ́kù ẹ̀yìn méjì péré ni mo fẹ́ rà o.

Mustang 2003 ni mọ́tò mi, V8, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, mo ti gbé supercharger lé e, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i, torí eré ìje ojú ọ̀nà tààrà ni mo ṣe ń tún un ṣe, mítà 402 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní quarter mile, ìdámẹ́rin máìlì. Ẹni tó bá mọ mọ́tò yẹn mọ̀ pé irin gbọọrọ kan, axle, ló so taya ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, apá mẹ́rin ló sì di irin náà mú, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Tó o bá fi agbára gbéra, ìwúwo mọ́tò á rọ́ lọ sẹ́yìn, ìdí mọ́tò á lóṣòó, taya á gbá ilẹ̀ mú. Ṣọ́kù ló ń sọ bí ìdí yẹn ṣe máa yára lọ sílẹ̀ tó àti bó ṣe máa yára dìde. Tí ṣọ́kù ò bá lágbára, taya á máa ta gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ lórí ilẹ̀, axle sì lè ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá oní-bọ́tìnnì méjì tí wọ́n fi ń yí bó ṣe máa le tó, ìkan fún ìgbà tí ṣọ́kù bá ń wọlé, ìkan fún ìgbà tó bá ń jáde.

Ẹ má sọ pé ọ̀dẹ̀ ni mí. Láti 2009 ni mo ti ń fọwọ́ kan mọ́tò. Orí WhatsApp ni mo ti rí bọ̀ọ̀dá tó tà á fún mi yìí, ó ní Ìbàdàn lòun wà, "ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè mí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó fi orí ọmọ ẹ̀ búra. Mo ní kó ṣe fídíò, ó ṣe é, mo gbọ́ bí bọ́tìnnì yẹn ṣe ń dún tá-tá-tá bó ṣe ń yí i. Ó pè é ní 750, mo ná an, ó gbà ní 680, inú mi ń dùn! Ojúlówó ju mílíọ̀nù kan lọ, mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ló wá ṣe mí? Ó ní ẹnìkan l'Ákúrẹ́ ti fẹ́ sanwó, kí n yára, ni mo bá sẹ́ńdì owó ní aago mọ́kànlá òru bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ẹrù dé páákì, páálí tuntun, sítíkà ń dán. Mẹkáníìkì mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ wò ná." Mo ní kò sí àyè. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa rí sítíkà yẹn tí ò ní gbà á gbọ́? (Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára sítíkà o, wọn ò mọ nǹkankan nípa ẹ̀.)

A gbé e lọ sí pápá tí wọ́n gbà wá láyè. Mo tẹ iná, ìdí mọ́tò fò sókè, ó já lulẹ̀, ó tún fò, mo yọ ẹsẹ̀ kíá, ọkàn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ọ́ìlì ti da sára taya. A tú u, a yí bọ́tìnnì débi tó fúyẹ́ jù, a tẹ̀ ẹ́; a yí i débi tó le jù, a tẹ̀ ẹ́; bákan náà ni! A gé ìkan. Bọ́tìnnì yẹn ò mú nǹkankan nínú rárá, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìta! Ṣọ́kù tòkunbọ̀ mọ́tò kékeré ni wọ́n kùn lọ́dà tí wọ́n lẹ sítíkà mọ́ fún ẹni tó fẹ́ gun V8. Ẹ̀mí mi ló fẹ́ fi ṣeré, ẹ̀mí mi!

Mo pè é, ó ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n dè. Èmi! Lẹ́yìn ìyẹn ó bulọ́ọ̀kì mi. Ìjẹ̀ṣà ni mí o, ọmọ òṣómàáló, bàbá mi àgbà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n fi san owó aṣọ ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ta ni kí èmi wá lọ lóṣòó sí? Nọ́ńbà fóònù ò ní ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo wọn olè ni. Ó dáa, bóyá kì í ṣe gbogbo wọn, àmọ́ mi ò mọ èyí tó dáa mọ́, mi ò sì ní sanwó fún ẹni tí mi ò bá rí sójú mọ́.

Tẹ́ ẹ bá máa rà á náà, ẹ fọwọ́ tẹ ṣọ́kù, ẹ fà á, ẹ yí bọ́tìnnì kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ẹ fi èékánná ha ọ̀pá ẹ̀, tó bá ha yín lọ́wọ́, ó ti dípẹtà. Ẹ wọn gígùn ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó o!

Mo ti lọ sí báǹkì, mo ti lọ sí tọlọ́pàá. Rìsíìtì ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Kò fún mi ní rìsíìtì, èmi náà ò sì bèèrè.