Páúdà purotéènì tí mo rà ní Dùgbẹ̀

Télọ̀ ni mí, ní Sángo, Ìbàdàn. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, kí n tó kọrí sí jíìmù ní Mọ́kọ́lá. Oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ra ike páúdà purotéènì kan ní Dùgbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi mílíìkì ṣe, tí wọ́n ń pè ní whey. Gíráàmù 907 ló wà nínú ẹ̀. Ṣíbí kan jẹ́ gíráàmù 30, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé gíráàmù 24 nínú ẹ̀ ni purotéènì. Mo wo nọ́ńbà NAFDAC ara ẹ̀ dáadáa kí n tó sanwó.

Ó ń yòrò, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ da omi tútù sínú ṣékà, ìyẹn ike onídèérí tí a fi ń mì ín pò, bí ìdajì pure water kan, kí ẹ tó da páúdà lé e. Tí ẹ bá mì ín díẹ̀, kò ní ní kókó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da páúdà, ìsàlẹ̀ ike ló máa lẹ̀ mọ́. Omi gbígbóná ni kò bá a mu. Mo da ṣíbí kan sínú ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ó ṣù wínníwínní bí ẹyin tó bọ́ sínú omi híhó. Mo mu ún bẹ́ẹ̀, torí purotéènì rẹ̀ kò sọnù, bí ti ẹyin sísè kì í ti í sọnù.

Ohun tó dùn mí ni ti ọjọ́ tí mo pò ó ní aago 7 àárọ̀ kúrò nílé. Mo gbé ṣékà sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí a ti ń lọ aṣọ, pẹ̀lú ooru áyọ́ọ̀nù eléèédú. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ní ìrọ̀lẹ́, ó dún pòó! Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi gbójú sókè: “Ọ̀gá, kí ló ń rùn báyìí?” Omi ti dá dúró lókè, funfun kíki ti sọ̀ sísàlẹ̀, ìfófòó yí ẹnu ike ká. Gọ́tà ni mo dà á sí. Mo wá gbogbo ara ike náà. Wọ́n kọ ọjọ́ tí páúdà máa bàjẹ́, wọn ò kọ wákàtí tí ó lè lò tí omi bá ti kàn án. Ẹni tó tà á fún mi náà ò sọ.

Ìyá oníwàrà tó máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá ló là mí lóye. Mo bi í pé, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wàrà?” Ó ní, “Omi ẹ̀ á kan.” Omi yẹn gan-an ni! Omi tó ń yọ lára wàrà tí wọ́n bá fi ewé bomubómu mú un dì, ìbátan ẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ń sẹ́, tí wọ́n ń gbẹ di páúdà. Ní gbígbẹ, kòkòrò àìfojúrí ò rí omi lò níbẹ̀. Tí ẹ bá ti da omi padà sí i, oúnjẹ ti délé fún wọn. Purotéènì ò tètè bàjẹ́ nínú omi fúnra ẹ̀. Àwọn kòkòrò yìí ló ń ba ohun mímu náà jẹ́. Níta fíríìjì, wákàtí 2 ni irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní, wákàtí 1 péré tí ooru bá ti kọjá 32 sẹ́ńtígíréèdì, ẹ sì mọ ọ̀sán Ìbàdàn nínú oṣù kẹta. Inú fíríìjì, ẹ mu ún kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìyẹn tí iná bá wà.

Ní báyìí, ṣíbí kan ni mo ń dà sínú ṣékà gbígbẹ. Ẹnu ọ̀nà jíìmù ni mo ti ń ra pure water tútù, mo pò ó, mo mu ún lójú ẹsẹ̀, mo sì ṣan ike náà níbẹ̀, títí dé abẹ́ rọ́bà ìdérí, torí ibẹ̀ ni òórùn ń sá pamọ́ sí.

Adùn ẹ̀ pọ̀ jù fún mi, ṣùgbọ́n mo ti ra ike kejì. Èmi àti àbúrò mi la jọ ń lò ó, mo sì ti fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìdérí: MÁ PÒ Ó SÍLẸ̀.