Canon EOS 2000D ní Òṣogbo: ibi tó ti lágbára àti ibi tó ti máa ń rẹ̀ ẹ́

Tí ìfẹ́ fọ́tò bá ti wọ ènìyàn lára, tí fóònù ò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà sí i ní ṣọ́ọ̀bù ni Canon EOS 2000D. Ọdún 2018 ló jáde. Tí ẹ bá rí Rebel T7 tàbí 1500D lára tòkunbọ̀, kámẹ́rà kan náà ni, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ní ilẹ̀ ibòmíràn ló yàtọ̀. Megapixel 24.1 ni àwòrán rẹ̀, ó sì tó nǹkan bí 475 gíráàmù tí bátìrì àti káàdì bá ti wà nínú rẹ̀, kò ní fa ọrùn ya. Fún ẹni tó fẹ́ máa jí lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, kó gun òkè omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kó tún ya èrò Ọjà Ọba bó bá ń bọ̀, kámẹ́rà yìí tó. Ọwọ́ lẹ́ńsì tó bá a wá gan-an ni ẹjọ́ wà.

Ẹ wo lẹ́ńsì yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Oríṣi lẹ́ńsì 18-55mm (18 fún ibi tó fẹ̀, 55 fún ìgbà tí ẹ bá fa súùmù tán) méjì ló ń bá 2000D rìn. IS II ni wọ́n ń pe ọ̀kan, DC III ni wọ́n ń pe èkejì. Wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, ṣùgbọ́n IS ló ní ẹ̀rọ tó ń gba ọwọ́ tó ń gbọ̀n mọ́ra, DC III kò ní in. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì: IS II ní bọ́tìnnì méjì, ọ̀kan AF/MF (AF, lẹ́ńsì á wá ibi tó máa mú fúnra rẹ̀; MF, ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ yí i), ọ̀kan STABILIZER. Ti DC III jẹ́ ẹyọ kan péré. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Tí ẹ bá fa súùmù dé 55mm láìní IS, shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń la ojú gba ìmọ́lẹ̀) kò gbọdọ̀ lọ́ra ju 1/100 ìṣẹ́jú àáyá lọ kí fọ́tò má baà ṣe bàìbàì. Pẹ̀lú IS, ọwọ́ tó bá dúró dáadáa lè ya ère tí kò mira ní 1/20. Nínú igbó tó ṣókùnkùn, ohun tó ń ya fọ́tò tó dáa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ máa pa rẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi 4000D rọ́pò fún yín pé “ọ̀kan náà ni”. Megapixel 18 ni 4000D, síkírínì rẹ̀ kéré, ike sì ni ibi tí lẹ́ńsì ti ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe irin.

Tí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Ohun tó bá tàn ká bí òwú aláǹtakùn nínú gíláàsì, èbù (fungus) ni, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ihò lẹ́ńsì sí f/22 (bí nọ́ńbà f bá ṣe pọ̀ tó ni ihò ṣe ń kéré tó), ẹ ya ojú ọ̀run lásán, kẹ́ ẹ wá fa àwòrán náà tóbi lórí síkírínì. Àwọn àmì dúdú róbótó tí kò kúrò lójú kan bí ẹ bá tún un yà, eruku orí sensor (ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà) ni wọ́n. 2000D kò ní ẹ̀rọ tó ń gbọn eruku yẹn dànù fúnra rẹ̀ bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ní in, nítorí náà ẹ máa ra fúùfúù rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Ẹnu kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ, itọ́ ló máa kó bá a. Ẹni tó bá sì fẹ́ lo fíláàṣì olówó pọ́ọ́kú, kó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó gbé e lé orí kámẹ́rà kó tó rà á: Canon ti yọ irin àárín kúrò ní ibi tí fíláàṣì ń jókòó sí lórí 2000D, ọ̀pọ̀ fíláàṣì ilé-iṣẹ́ míì kì í sì í tàn lórí rẹ̀.

Nínú Igbó Ọ̀ṣun la ti máa ń mọ ohun tí kámẹ́rà lè ṣe. Igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálì Àkàngbé ṣe ló máa ń gba ojú ẹni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé símẹ́ǹtì eérú ni púpọ̀ nínú wọn, ewé bò wọ́n lórí, ojú ọ̀run funfun sì ń yọ gba àárín ẹ̀ka lẹ́yìn wọn. Kámẹ́rà á wo ojú ọ̀run yẹn, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, á sì sọ ère di dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ yí wíìlì orí kámẹ́rà sí Av (ẹ̀yin á yan ihò lẹ́ńsì, kámẹ́rà á yan shutter), ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/5.6. Ẹ fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ lágbára sí i) sí Auto, kẹ́ ẹ sì fi 3200 ṣe òpin rẹ̀ nínú menu, torí tó bá ti dé 6400, òjìji á bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ìgbà tí wọ́n fọ́n iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ojú mẹ́sàn-án ni kámẹ́rà yìí fi ń wá ibi tó máa mú, ṣùgbọ́n èyí àárín nìkan ló ṣe é gbára lé nínú òkùnkùn. Ẹ yan òun nìkan, ẹ gbé e lé ojú ère, ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ẹ wá yí kámẹ́rà síbi tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ tán. Tí ère bá ṣì dúdú, ẹ di bọ́tìnnì Av± mú, ẹ yí wíìlì iwájú dé +1, kí fọ́tò lè mọ́lẹ̀ sí i. Ẹni tó wọ aṣọ funfun níwájú igbó kọ́, òdìkejì ni tirẹ̀. Igbó dúdú tó wà lẹ́yìn á tan kámẹ́rà, aṣọ á funfun débi pé ìṣẹ́po rẹ̀ á pòórá. Ẹ fà á sẹ́yìn sí −2/3. Ẹ wo ojú ìrán aṣọ náà lórí síkírínì. Bí fọ́nrán òwú bá hàn, ó ti tó.

Owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi pààrọ̀ kámẹ́rà sí tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ra lẹ́ńsì 50mm f/1.8 STM, èyí tí kì í fa súùmù. 160 gíráàmù péré ni. Ní 55mm, f/5.6 ni 18-55mm lè ṣí mọ, ní f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10. Ibi tí ẹ ì bá ti lo ISO 6400, 800 á ti tó. Kò ní IS o, kò sì lè mú ohun tó bá sún mọ́ ọn ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Lórí 2000D, ó máa ń rí bí 80mm, nítorí náà ó dára fún ojú ènìyàn àti ọwọ́ ère, ṣùgbọ́n ẹ máa fẹ̀yìn rìn títí kí odindi ère ńlá tó wọ inú fọ́tò. Ẹ lò ó ní f/2.8 dípò f/1.8. Ní f/1.8, bí ẹ bá mi ara díẹ̀ lẹ́yìn tó ti mú ojú, etí ló máa hàn kedere, ojú á ṣe bàìbàì.

Létí omi, fílítà CPL (gíláàsì tí wọ́n ń yí mọ́ ojú lẹ́ńsì) ló ń yọ dídán kúrò lójú ewé àti àpáta tútù. 58mm ni ẹ máa rà fún 18-55mm IS II, 49mm fún 50mm. Ohun tó máa ń da àwọn olùbẹ̀rẹ̀ láàmú ni pé imú 18-55mm yìí máa ń yí tó bá ń wá ibi tó máa mú, fílítà náà á sì bá a yí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì mú tán, ẹ gbé e sí MF, kẹ́ ẹ tó yí fílítà. Ní Olúmirin, tí ẹ bá fẹ́ kí omi rí bí aṣọ àlà, ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ pa STABILIZER, ISO 100, Tv (ibi tí ẹ̀yin ti ń yan shutter) ní 1/4, kẹ́ ẹ lo aago ìṣẹ́jú àáyá 2 kí ọwọ́ má baà mì ín. Omi tó ń fọ́n yẹn kò dára fún 2000D rárá. Kò ní rọ́bà tó ń dí omi lára, nítorí náà ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ sì máa nu ojú lẹ́ńsì lẹ́yìn fọ́tò mẹ́ta-mẹ́ta.

Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Tó bá di dandan, ẹ pa kámẹ́rà, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ ṣe kíá. Nígbà òjò, èbù ni ọ̀tá: ike tó ní ìdérí líle àti àpò silica gel díẹ̀ sàn ju àpò kámẹ́rà tó tutù lọ. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ tó tan AC, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú báàgì fún bí ìṣẹ́jú 20, kí oru omi má baà bo gíláàsì.

Bátìrì LP-E10 máa ń tó nǹkan bí fọ́tò 500 tí ẹ bá ń yọjú wò ó nínú ihò rẹ̀. Tí ẹ bá ń lo síkírínì, kò ní tó ìyẹn rárá, ibẹ̀ sì ni kámẹ́rà náà ti máa ń lọ́ra jù láti mú nǹkan. Kò ṣe é fi okùn USB gba iná, power bank nìkan kò lè gbà yín sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí iná ṣe rí. Ẹ ra bátìrì kejì àti ṣájà USB tó bá LP-E10 mu. Wi-Fi rẹ̀ ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí fóònù dáadáa; tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ ó gbà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa fọ́.

Ní ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògún, 18-55mm kì í dé ibi tí Arugbá wà láàárín èrò. 55-250mm IS STM ló máa dé ibẹ̀, 1/500 ni kẹ́ ẹ fi yà á. Ẹ má dí ọ̀nà rẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà nípa owó kámẹ́rà àti ojúbọ tí wọn kì í yà, ẹ sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà. Dígí inú 2000D máa ń ta pàá, kò sì sí bí a ṣe lè pa ìyẹn lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ariwo píìpíì rẹ̀ ṣe é pa: inú menu, Beep, Disable. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ sì ti fíláàṣì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Yèyé.