Rockmover àbí harlequin tusk: èwo ni kí ẹ rà sínú táǹkì omi oníyọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀?

Ẹja ńlá méjì láti inú ìdílé ẹja òkun tí wọ́n ń pè ní wrasse ni àwọn èèyàn máa ń bi mí léèrè jù: rockmover, tí àwọn kan ń pè ní dragon wrasse, àti harlequin tusk. Méjèèjì lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn rúlà ọmọ ilé-ìwé kan gbáko. Kò sí èyí tó wá láti òkun Èkó nínú wọn. Òkun Índíà àti Pàsífíìkì ni wọ́n ti ń kó rockmover. Apá ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì títí dé Ọsirélíà ni ti harlequin tusk. Mo ti sin méjèèjì. Harlequin tusk ni mo fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ilé n'Ifẹ̀.

Rockmover

Kékeré rẹ̀ ló ń fa olùrà mọ́ra. Kò ju ìka ọwọ́ lọ, ó rí bí ewé inú omi, ẹ̀gún gígùn yọ lórí rẹ̀ bí ìwo, ó sì ń mì sọ́tùn-ún sósì bí koríko tí omi ń gbé lọ. Ọgbọ́n tó fi ń sá fún ẹja ńlá nìyẹn. Bó bá dàgbà, ìwo náà á pòórá, ara rẹ̀ á di aláwọ̀ eérú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí òkúta kiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò mi pariwo láti pálọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, òkúta ti ń rìn nínú táǹkì yín o!" Mo sáré débẹ̀. Ẹja náà yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ojú kan wo abẹ́ òkúta, ó fi ẹnu gbá a mú, ó sì yí i dànù. Òkúta tó tó ìkúùkù ọmọdé gbá dígí, kọ́! Akàn tó sá sábẹ́ rẹ̀ ti wọ ọ̀nà ọ̀fun. Láti ọjọ́ yẹn, ìsàlẹ̀ táǹkì gan-an ni mo ń to òkúta ńlá sí kí n tó da iyanrìn yí i ká, kó má baà gbẹ́ ìdí rẹ̀ kó wó.

Inú iyanrìn ló ń sùn, inú rẹ̀ náà ló ń sá sí bí ẹ̀rù bá bà á. Iyanrìn kíkúnná ló fẹ́, kó jìn tó 8 sẹ̀ǹtímítà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo kọ́kọ́ lò, ó sì bó o lẹ́nu. Ó dùn mí gan-an. Tí ẹ bá gbé e dé ilé tó wọ iyanrìn tí kò jáde fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má tú u. Tèmi lo ọjọ́ mẹ́ta.

Harlequin tusk

Ìlà pupa bí ọsàn tó pọ́n ló gba ara rẹ̀ kọjá, eyín rẹ̀ tó yọ síta sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Òun náà ń jẹ edé, akàn àti ìgbín òkun, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ lè fi edé kékeré kẹ́gbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kì í tú ilé ká. Ihò òkúta ló ń sùn sí, ó sì máa ń rìn jẹ́jẹ́ láti ihò kan sí èkejì bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Bí mo bá na edé tútù sí i, ó ń gbà á lọ́wọ́ mi, màá sì gbọ́ bí èèpo edé ṣe ń fọ́ lẹ́nu rẹ̀. Owó rẹ̀ ga ju ti rockmover lọ, pàápàá èyí tó ti Ọsirélíà wá, nítorí àwọ̀ tiwọn mọ́lẹ̀ jù.

Lunare wrasse tí wọ́n tún ń tà máa ń sáré látàárọ̀ dalẹ́, ó sì ń lé ẹja kékeré. N kò ní fi í sínú táǹkì tí ẹja mìíràn wà.

Ohun tí méjèèjì ń béèrè n'Ifẹ̀

Táǹkì 500 lítà ni mo gbà pé ó kéré jù. Omi inú rẹ̀ nìkan tó ìdajì tọ́ọ̀nù, nítorí náà ìsàlẹ̀ ilé ni kó wà, kì í ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ifẹ̀ ní Igbó Olókun, níbi tí àwọn baba wa ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ onídígí, ṣùgbọ́n òkun jìnnà sí wa. Àfọwọ́ṣe ni omi wa. Iyọ̀ táǹkì, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà kan: kílò 17 àbọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí omi náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí amóníà, ìyẹn májèlé inú omi tó ń pa ẹja, di òdo, kí ẹja tó wọlé. Lásìkò ọyẹ́, omi ń gbẹ ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi lásán ni kí ẹ fi dí i.

Bí iná bá lọ, atẹ́gùn inú omi ló kọ́kọ́ ń tán. Ẹ ní pọ́ǹpù oníbátìrì nílé kí ẹ tó ra ẹja. Méjèèjì ń fò jáde: ẹ fi nẹ́ẹ̀tì oníke bo ojú táǹkì, torí onírin á dípẹtà.

Ẹni tó ní iyanrìn tó jìn, tí kò sì bìkítà kí wọ́n tún ilé rẹ̀ tò lójoojúmọ́, kó ra rockmover. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún un ní edé lójú yín. Èyí tí kò bá jẹun, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.